Bí A Ṣe Lè Múra Ọ̀rọ̀ Sílẹ̀ Lórí Obìnrin Íjíbítì Àtijọ́ fún Àwọn Ìyá Ọlọ́jà Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ayaba ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti Cleopatra, mo sọ ti Nefertiti, mo fi àwòrán adé àti wúrà hàn wọ́n, àwọn ìyá sì ń mi orí bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò nígbà tí ọwọ́ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí mo parí, ìyá àgbà kan tí ó ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọjà Òkè-Ajé dìde, ó ní: “Ẹ ṣeun, tíṣà. Àwọn tí ẹ dárúkọ yìí, ará ààfin ni gbogbo wọn. Èyí tí ó ń tajà ńkọ́? Ta ló ni ilé tí ó ń gbé? Bí ọkọ rẹ̀ bá kú, ta ló ń kó ẹrù náà?” N kò rí nǹkan kan sọ. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo fi ń múra ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni mo sì fẹ́ fi lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé léjìká, ìbáà ṣe olùkọ́ ní Ṣàgámù, ìbáà ṣe ọmọ régbérégbé kan tí wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi okùn ka ọdún

Ohun tí ó máa ń dàrú mọ́ àwọn olùgbọ́ lójú jù lọ ni ọdún. Bí a bá ti pe Íjíbítì àtijọ́, ọkàn wọn a lọ tààrà sí Mósè àti Fáráò inú Bíbélì àti Kùránì, bí ẹni pé ọba kan ṣoṣo ló jẹ ní ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti so ilẹ̀ òkè odò Náílì àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ọba kan, ní nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Kristi, títí di ọdún 30 ṣáájú ìbí Kristi tí Cleopatra kú, ó lé ní 3000 ọdún.

Ẹ má wulẹ̀ máa ka ọdún wọ̀nyí fún wọn lẹ́nu. Ẹ ra okùn ìsáṣọ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 52, kí ẹ sì ta á láti igun gbọ̀ngàn kan dé èkejì, kí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan dúró fún 100 ọdún. Ọba àkọ́kọ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ okùn. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì kan sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ pírámíìdì ńlá Khufu. Òmíràn sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, níbi tí Hatshepsut ti gorí oyè. Òmíràn sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún àbọ̀, nítorí obìnrin kan tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Kí ẹ sì fi ti Cleopatra sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwa tí a jókòó sínú gbọ̀ngàn wà ní òpin okùn. Ìgbà náà ni wọn yóò fi ojú ara wọn rí i pé Cleopatra súnmọ́ wa ju bí ó ti súnmọ́ àwọn tó kọ́ pírámíìdì lọ. Bí gbọ̀ngàn bá kéré, ìdajì ẹsẹ̀ bàtà fún 100 ọdún náà yóò ṣe é.

Okùn yìí kì í ṣe eré lásán. Yóò máa rán ẹ̀yin fúnra yín létí pé ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé “obìnrin Íjíbítì ń ṣe báyìí” láìjẹ́ pé ẹ na ọwọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí okùn.

Ìwé ilé ẹjọ́ ni kí ó ṣíwájú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ipò obìnrin ní ìlú kan, yálà ti àtijọ́ ni o tàbí ti òní, ẹ wo ibi tí owó àti ilẹ̀ ti ń pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Àwọn ará Íjíbítì sì fẹ́ràn ìwé. Wọ́n ń kọ ọ́ sórí òrépèté, èyí tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, wọ́n sì ń kọ ọ́ sórí àfọ́kù ìkòkò. Abúlé kan wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Náílì, ní ọ̀kánkán ìlú tí à ń pè ní Luxor lónìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Deir el-Medina; àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbẹ́ ibojì àwọn ọba sínú àpáta ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìwé tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yín ti wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ gbèsè, ìjà aládùúgbò, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún ló kún inú wọn.

Ẹni tí mo ní kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì dúró dè ni Naunakhte, ará abúlé náà. Ní nǹkan bí ọdún 1144 ṣáájú ìbí Kristi, ní ọdún kẹta ìjọba Ramesses Karùn-ún, ìyá yìí wá síwájú ilé ẹjọ́ abúlé láti pín ogún rẹ̀ lójú ayé. Ọkọ méjì ló ti fẹ́ rí. Akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Qenherkhopshef ni ti àkọ́kọ́, nígbà tí òun náà sì kú, ó fẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Khaemnun, ó sì bí ọmọ mẹ́jọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níwájú àwọn adájọ́ kò fẹ́ kí a fi iyọ̀ sí i rárá. Ó ní ọmọ onílẹ̀ ni òun, òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun tọ́ àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dàgbà, òun sì fún olúkúlùkù ní ohun tí ó yẹ kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀. Ó ní òun ti darúgbó báyìí, àwọn kan nínú wọn kò sì tọ́jú òun; ẹni tí ó bá fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ òun ni òun yóò fún ní nǹkan, ẹni tí kò bá fi sí i, òun kò ní fún un. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí yóò jẹ ogún àti àwọn tí kò ní jẹ, ó sì fi abọ́ idẹ kan kún ti ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní Ìpẹru, mi ò tíì parí tí gbogbo ilé fi pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, kí ẹ tó wá fi ọwọ́ sí ohun mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀. Èkíní, òun fúnra rẹ̀ ló dúró síwájú ilé ẹjọ́; ọkọ kò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kò dúró fún un. Èkejì, ohun tí ó ń pín kì í ṣe ti ọkọ. Nínú ohun tí tọkọtaya bá jọ kó jọ, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti aya, ìdá méjì jẹ́ ti ọkọ. Naunakhte ń pín ìdá kan tirẹ̀ náà, pẹ̀lú ohun tí ó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn agbẹjọ́rò inú ìjókòó máa ń gbádùn jù: ó sọ ọ́ gbangba pé àwọn ọmọ tí òun yọ kúrò nínú ogún òun yóò ṣì jẹ ìdá méjì ti bàbá wọn, nítorí pé kò ní agbára lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ náà padà sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ìyá ti wí náà ni yóò rí.

Ibí yìí ni kí ẹ ti dá ọ̀rọ̀ padà sílé. Ẹ bi wọ́n bí a ti ń pín ogún lọ́dọ̀ wa, bóyá ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣòro fún ọmọ Ìjẹ̀bú láti gbọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ wa ọmọ lè tọ ọ̀nà ìyá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ìdílé ìyá, kì í ṣe ọ̀nà bàbá nìkan. Ní Íjíbítì náà, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni wọ́n ń jogún bàbá, àwọn náà ni wọ́n sì ń jogún ìyá.

Ìtàn kejì ni ti Rennefer, mo sì máa ń rọra sọ ọ́, torí pé àwọn kan lè wà nínú ìjókòó tí yóò kàn gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, nínú àṣà, aya kì í jogún ọkọ. Ọmọ ni í jogún, bí kò bá sì sí ọmọ, àwọn ẹbí ọkọ ni í dé. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló mọ opó kan tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta lẹ́yìn ìsìnkú. Ní Íjíbítì náà, ọmọ ni àrólé, bí ọmọ kò bá sì sí, àwọn ọmọ ìyá olóògbé lè gbé ọwọ́ lé ẹrù. Nebnefer, ọkọ Rennefer, kò bímọ. Ní nǹkan bí ọdún 1100 ṣáájú ìbí Kristi, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Ramesses Kọkànlá, ó pe ẹlẹ́rìí jọ, ó sì ṣe ohun tí yóò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ó gba aya rẹ̀ ṣọmọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ òun ni ó jẹ́ láti ọjọ́ náà, pé gbogbo ohun tí òun ní jẹ́ tirẹ̀, àwọn ẹbí òun kò sì ní nǹkan kan í sọ sí i. Òfin kò yí padà. Ọkùnrin náà ni ó wá ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Tọkọtaya yìí ti ra ẹrúbìnrin kan, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Rennefer tọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ṣe dáadáa sí i. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òun náà pe ẹlẹ́rìí, ó sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òmìnira, ó sì gbà wọ́n ṣọmọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti fẹ́ èyí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin náà, ó sì gba àbúrò náà pẹ̀lú sínú ogún. Ẹ má ṣe fi ìdùnnú ìtàn yìí bo ẹrúbìnrin tí ó bí àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n rà á bí a ti ń ra ẹrù ni. Bí a bá ń sọ pé obìnrin Íjíbítì lè ra ilẹ̀, lè tà á, lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, lè jẹ́rìí, ẹ rántí pé lára ohun tí ó lè rà ni obìnrin mìíràn wà.

Bí àkókò bá gbà yín láàyè, ẹ fi ẹjọ́ ilẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mose kún un, kì í ṣe Mósè inú Bíbélì o, torí mi ò tíì rí àwùjọ Ìjẹ̀bú tí kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Ọba Ahmose ló fi ilẹ̀ kan ta ọ̀gákọ̀ kan tí ń jẹ́ Neshi lọ́rẹ, ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi. Ó lé ní 200 ọdún kí ìjà àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Obìnrin kan, Urnero, ni ilé ẹjọ́ fi ṣe alábòójútó ilẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Obìnrin mìíràn nínú ẹbí, Takharu, kò gbà, ó pe ẹjọ́ pé kí wọ́n pín in. Urnero àti ọmọ rẹ̀ Huy tún gbé ẹjọ́ náà dìde. Nígbà tí Huy kú, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Khay lé opó rẹ̀, Nubnofret, kúrò lórí ilẹ̀. Nubnofret kò sunkún lásán. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní kí wọ́n yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ọba wò. Ṣùgbọ́n Khay àti àwọn kan ti yí ìwé náà, ó sì pàdánù. Ọmọ rẹ̀, Mose, ni ó padà kó àwọn ẹlẹ́rìí jọ ní ìgbà Ramesses Kejì láti jẹ́rìí pé ọmọ ilẹ̀ ni òun ní tòótọ́, ó sì gbẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà sí ara ògiri ibojì rẹ̀ ní Saqqara. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n yí, ẹlẹ́rìí àdúgbò, ọmọ tí ó gba ẹ̀san ìyá: kò sí ohun tí ẹ nílò láti túmọ̀ fún wọn níbẹ̀.

Ilé ọkọ, iṣẹ́ òòjọ́ àti ìkúnlẹ̀

Orí ìgbéyàwó, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ ayẹyẹ ìsìn tàbí ìwé ìjọba tí ń so tọkọtaya pọ̀. Gbólóhùn tí wọ́n ń lò fún un ni pé ènìyàn “dá ilé sílẹ̀”, orúkọ tí wọ́n sì ń pe aya ni ìyálé ilé, ẹni tí ó ni àṣẹ inú ilé. Ọkọ lè kọ aya, aya náà sì lè kọ ọkọ. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin náà ṣe panṣágà, yóò kó ohun tí ó gbé wọlé lọ pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn, nígbà tí okùn wa ń súnmọ́ pẹ́ẹ̀gì Cleopatra, wọ́n a máa kọ ẹrù ìyàwó sínú ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí aṣọ dé orí dígí ojú, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, kí ìjà má baà wà ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ ni kí ẹ dúró lé. Wọn kò fi owó san owó iṣẹ́, ọkà ni. Òṣìṣẹ́ ní Deir el-Medina ń gba nǹkan bí àpò márùn-ún àbọ̀ lóṣù, mẹ́rin jẹ́ àlìkámà, ìyókù jẹ́ ọkà báálì. Ọkà tútù kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú ọlọ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi àlìkámà ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń fi báálì pọn ọtí. Ẹni tí ó bá ti rin gbágùúdá rí, tí ó ti fún un, tí ó sì ti yan án kí ó tó di gàrí Ìjẹ̀bú, mọ̀ pé láàárín ohun tí ọkọ gbé wálé àti ohun tí ó dé inú àwo, iṣẹ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé owó oṣù.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni aṣọ híhun. Ẹ wá àwòrán àwọn ère kéékèèké inú ibojì Meketre, ìjòyè ọba kan, èyí tí wọ́n rí ní ọdún 1920. Wọ́n ti tó nǹkan bí 4000 ọdún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ilé ìhunṣọ, àwọn obìnrin ló sì kún inú rẹ̀, àwọn kan ń rán òwú ọ̀gbọ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ òfì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ìyá kan bá wà ní ìjókòó tí ó mọ òfì tí à ń gbé dúró, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú fi ń hun aṣọ Ọlọ́nà àti ìtagbè, ẹ fún un ní àyè kí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfì méjèèjì fún àwọn yòókù. Àlàyé rẹ̀ yóò dára ju tiyín lọ.

Herodotus, ará Gíríìsì tí ó lọ sí Íjíbítì ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí ọjà tí wọ́n ń ṣòwò, àwọn ọkùnrin sì ń jókòó sílé hun aṣọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn ún sọ ní Òkè-Ajé. Ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi kún un pé àlejò ni ọkùnrin náà, pé ó ń wá ohun tí yóò ya àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́nu, àti pé nínú àwòrán tí àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn yà, ọkùnrin wà lọ́jà, obìnrin wà lọ́jà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì hun aṣọ ní ìgbà kan tàbí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí kò gbọdọ̀ jẹ́ fífò níwájú àwọn ìyá. Orí bíríkì ni aláboyún ń kúnlẹ̀ tàbí lóṣòó sí. Ní ọdún 2001 ni àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọ̀kan nínú irú bíríkì bẹ́ẹ̀ ní Abydos, tí wọ́n ya àwòrán ìyá àti ọmọ sí lára. Òrìṣà tí ó ń dáàbò bo aláboyún ni Taweret, ẹni tí wọ́n ń yà bí erinmi tí ó lóyún, tí ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ìkúnlẹ̀ ṣekú pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ lè dárúkọ Peseshet níbẹ̀, obìnrin ìgbà àwọn pírámíìdì tí oyè rẹ̀ fi hàn pé òun ni olórí àwọn obìnrin oníṣègùn.

Bí a ṣe ń ka àwòrán

Ẹ má ṣe fi àwòrán púpọ̀ dá wọn lágara. Méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní títóbi, torí iná lè lọ nígbàkigbà, ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára ògiri kò sì ní wúlò nígbà náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ère Rahotep àti aya rẹ̀ Nofret, tí ó wà ní Cairo, tí ó sì ti lé ní 4500 ọdún. Olúkúlùkù wọn jókòó sórí àga tirẹ̀, wọn kò ga jura lọ, Nofret sì wọ aṣọ funfun. Àwọn olùgbọ́ yóò tètè bèèrè ìdí tí ara ọkùnrin fi pupa rúsúrúsú tí ti obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ẹ sọ fún wọn pé àṣà ayàwòrán ni, láti fi hàn pé ọkùnrin a máa wà nínú oòrùn, obìnrin ilé ọlọ́lá a sì máa wà lábẹ́ òrùlé. Kì í ṣe pé ẹ̀yà wọn yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwòrán mìíràn kalẹ̀ tí aya ti kéré débi pé orí rẹ̀ kò ju orúnkún ọkọ lọ. Irú rẹ̀ náà pọ̀. Ẹni tí ó ni ibojì ni wọ́n máa ń yà tóbi, ọkùnrin ló sì ń ni ibojì jù. Àwòrán méjèèjì ni kí wọ́n rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òfin tí ó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ló fún un ní ohun gbogbo. Iṣẹ́ akọ̀wé, tí í ṣe ilẹ̀kùn sí ipò nínú ìjọba, ọwọ́ àwọn ọkùnrin ló wà. Ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ni a rí tí wọ́n gba oyè ńlá, bíi Nebet tí ó jẹ oyè olórí ìjòyè ọba ní ìgbà ìran ọba kẹfà. Àwọn ìwé ìmọ̀ràn tí ó sọ̀rọ̀ nípa obìnrin náà, ọkùnrin ló kọ wọ́n fún ọmọkùnrin. Nínú ìwé Any, bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sọ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fún un di ìlọ́po méjì fún un, nítorí ọdún mẹ́ta ni ó fi ọyàn sí i lẹ́nu, kí ó má sì máa ṣọ́ aya rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ nínú ilé bí ó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ohùn aya náà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Naunakhte ṣíwájú.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú àwọn ọba wọlé

Bí ẹ bá ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò yín sọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọba, ẹ lè wá ṣí ilẹ̀kùn ààfin. Hatshepsut tó fún ọjọ́ kan. Ọmọ Thutmose Kìíní ni, aya Thutmose Kejì, tí ọkọ rẹ̀ kú tí ó fi ọmọdé orogún rẹ̀, Thutmose Kẹta, sílẹ̀ lórí ìtẹ́. Ó kọ́kọ́ ń bójú tó ìjọba fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi di Fáráò, tí ó gba gbogbo orúkọ oyè ọba, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ọba. Ó jọba láti nǹkan bí ọdún 1479 títí di 1458 ṣáájú ìbí Kristi. Ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Punt, wọ́n sì kó igi tùràrí tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ bọ̀. Ìtàn ìrìn àjò náà ṣì wà lára ògiri tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahri. Nígbà tí ó ti pẹ́ tí ó ti kú, ní apá ìkẹyìn ìjọba Thutmose Kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù ha orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Bí ẹ bá dé ibi òòlù yìí, ó dájú pé ẹnì kan yóò dárúkọ Bilikisu Sùngbọ́ ti Òkè-Erí. Ẹ má dá a lẹ́kun. Yàrà àti odi amọ̀ tí à ń pè ní Erédò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, orúkọ obìnrin ni àwọn bàbá wa sì fi sọ ọ́, tí kò sì parẹ́ lẹ́nu wa títí di òní. Ti Hatshepsut, inú òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì ha á. Ti Sùngbọ́, ẹnu lásán ló wà, kò sì sí òòlù tí ó lè ha ẹnu. Ìfiwéra yìí yẹ ká ṣe é. Èyí tí kò yẹ ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn ẹ̀jẹ̀ so obìnrin méjèèjì pọ̀, tàbí kí a ní láti Íjíbítì ni Odùduwà ti kó àṣà ogún wa wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, pé wọ́n yóò sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àṣà méjì bá jọ ara wọn, ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá, Naunakhte kò sì nílò kí ó jẹ́ ìbátan wa kí ẹjọ́ rẹ̀ tó yé wa.

Ohun kan tí ó tún yẹ kí ẹ fi sẹ́yìn ọkàn fún ìgbà ìbéèrè: bí wọ́n bá bi yín pé ṣé gbogbo obìnrin ayé àtijọ́ ló ní irú ẹ̀tọ́ yìí, ẹ mú ti Gíríìsì wá. Ní Athens, obìnrin kò lè ṣe àdéhùn ńlá láìsí ọkùnrin alágbàtọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gíríìkì wá ń jọba ní Íjíbítì lẹ́yìn Alẹkisáńdà, irú ìwé méjì ló wà ní ìlú kan náà: nínú èyí tí wọ́n kọ ní èdè Gíríìkì, alágbàtọ́ dúró ti obìnrin, nínú èyí tí wọ́n kọ ní èdè Íjíbítì, òun nìkan ló dá dúró. Èdè tí wọ́n bá fi kọ ìwé ló ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́ níwájú òfin.

Wákàtí kan tó fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ìbéèrè, torí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wọlé kí ìbéèrè tó parí. Ẹ tẹ ìwé ojú kan pínpín sílẹ̀ fún wọn ní èdè Yorùbá, kí orúkọ Naunakhte, Rennefer àti Nubnofret wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn àti ohun tí olúkúlùkù gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ìgbà tí mo padà lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìyá aláṣọ náà gba ìwé méjì. Ó ní ọ̀kan jẹ́ tòun, èkejì jẹ́ ti lọ́yà òun.